Òjìji Àwẹ̀ró

Nígbà tí wọ́n gbé Àwẹ̀ró dé ọsibítù, kò jẹun, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ó tó la ẹnu. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ má fi oúnjẹ ṣòfò lórí mi. Mo ti kú."

Motúnráyọ̀ ni nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀. Kò bá a jiyàn. Dókítà ń fún Àwẹ̀ró lóògùn, òun ń mú un jáde sí oòrùn láràárọ̀. Á nàka sílẹ̀.

"Òjìji ta nìyí?"

Àwẹ̀ró á dijú.

"Òkú kì í ní òjìji. Ìyá ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í purọ́. Òjìji ta nìyí?"

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró wo ilẹ̀ títí, ó ní, "Tèmi ni." Ó ní kí wọ́n fún òun níṣu. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ti ń yá. Ó ń gbálẹ̀, ó ń dirun fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó tilẹ̀ ń bú àwọn ọ̀lẹ inú wọn. Dókítà ní kó máa lọ sílé.

Ilé ni kò wá a. Lẹ́tà mẹ́rin ni Motúnráyọ̀ kọ sí bàbá rẹ̀, Jacob Fájọbí, ní Ayédé. Kò sí èsì. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní kó rán ènìyàn ṣáájú kó tó gbé aláìsàn lọ. Motúnráyọ̀ ní bí òbí bá fojú kan ọmọ tí ara rẹ̀ ti yá, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2002, òun àti Àwẹ̀ró wọ takisí dé Òyè. Ọ̀kadà kan ló gbé àwọn méjèèjì láti ibẹ̀.

"Ẹ dì mí mú dáadáa o, nọ́ọ̀sì," ni ọlọ́kadà wí. "Kòtò ọ̀nà yìí kì í bọ̀wọ̀ fún aṣọ funfun."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpò ọsàn kan lé itan, ó fẹ́ fún bàbá rẹ̀. Bí wọ́n ti ń kọjá lára oko kòkó, ó ń dárúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò ṣi ẹyọ kan.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan ń sá ẹ̀gẹ́ sórí àpáta níwájú ilé kejì sí ti Jacob.

"Ìyá Gift," ni Àwẹ̀ró kí i. "Ẹ kúuṣẹ́ o."

Obìnrin náà gbójú sókè. Agbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ já bọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn.

"Jésù! Àkúdàáyà! Àwẹ̀ró, má wá mi wá o. Èmi kọ́ ni mo pa ẹ́!"

Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó fi bàtà kan sílẹ̀. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé ní àdúgbò náà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn.

"Nọ́ọ̀sì," ni Àwẹ̀ró wí, "kí ló rí?"

Motúnráyọ̀ dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí Àwẹ̀ró ní bàbá òun máa ń jókòó sí lọ́sàn-án. Jacob wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń hun agbọ̀n. Ibojì sìmẹ́ńtì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìṣó ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sí i lára nígbà tó ṣì tutù: ÀWẸ̀RÓ FÁJỌBÍ. 2000. SÙN RE O.

Bàbá náà kò sá. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló bá sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi ti kú."

"Bàbá, òun nìyí."

"Mo rí i. Ó ti kú."

"Baba mi," ni Àwẹ̀ró wí, "ẹ kú ulé o. Mo mú ọsàn bọ̀."

Jacob sọ agbọ̀n kalẹ̀.

"Ọkùnrin kan láti Ayégbajú fẹ́ fẹ́ Níkẹ́, àbúrò rẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá wádìí wa, bóyá wèrè wà ní ulé yìí. Kí wọ́n tó dé, mo ra pósí. Mo gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo fi aṣọ funfun wé e, mo gbé e sínú pósí, mo fi ìṣó kàn án pa. Mo ní ibà ló gùn ún lórí, ibà náà ló pa á. Mo ní ọsibítù ní a ò gbọdọ̀ ṣí i. Gbogbo àdúgbò sunkún. Èmi náà sunkún."

"Níkẹ́ ńkọ́?"

"Ó ti bí méjì. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láàyè, wọ́n á lé e wálé. Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ni ẹ kàwé. Èwo nínú wọn ni kí n sin?"

Motúnráyọ̀ yíjú sí Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ti kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tọ orúkọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo ẹ̀yìn. Oòrùn wà ní àtàrí. Motúnráyọ̀ mọ ohun tó ń wá.

"Ọ̀sán ni, Àwẹ̀ró. Kò sí òjìji ẹnikẹ́ni. Wo tèmi. Jẹ́ ká dúró díẹ̀, oòrùn á yẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ má yọ wọ́n lẹ́nu mọ́."

Ó da ọsàn sórí ibojì. Nígbà tí Motúnráyọ̀ bojú wẹ̀yìn, Jacob ti ń ṣà á, ó ń fi aṣọ nu ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n padà sí ọsibítù. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kò bá Motúnráyọ̀ wí. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú Àwẹ̀ró jáde. Òjìji gùn gbọọrọ lórí iyanrìn.

"Òjìji ta nìyí?"

Àwẹ̀ró wo ilẹ̀.

"Ti igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni."

Ẹ̀kọ rẹ̀ tutù nínú abọ́. Motúnráyọ̀ kò bá a jiyàn. Ó dúró tì í títí òjìji àwọn méjèèjì fi kúrú.

Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ó mú un jáde. Ó bi í.