Ìgbà Tí À Ń Tan Iná Kẹ̀kẹ́ Nílé Wa

Nílé wa, ìlà àtẹ́lẹwọ́ ni a fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí a tan iná kẹ̀kẹ́. Bàbá àgbà, bàbá tó bí màmá mi, ni wọ́n fi òfin náà lélẹ̀. Kí o tó gun kẹ̀kẹ́ jáde, wàá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wàá na ọwọ́ síta, wàá ṣí àtẹ́lẹwọ́. Bí o bá ṣì ń rí ìlà inú rẹ̀, má fọwọ́ kan iná. Bí o kò bá rí i mọ́, ilẹ̀ ti ṣú nìyẹn, tan iná kí o máa lọ.

Òfin náà nídìí. Iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títúnṣe ni Bàbá fi gbogbo ayé wọn ṣe kí oríkèé ọwọ́ wọn tó gan. Iná kẹ̀kẹ́ wa kì í ṣe oníbátìrì. Dáínámò ló ń gbé e, irin róbótó kan tí a máa ń tẹ̀ mọ́ ara táyà, tí táyà á sì máa yí i bó ti ń sáré. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kẹ̀kẹ́ á wúwo bí ẹni pé ẹnìkan ń fà ọ́ láṣọ lẹ́yìn, irin náà á sì máa jẹ táyà díẹ̀díẹ̀. Bàbá kò lè fara da ẹni tó ń ba táyà jẹ́ nígbà tí ilẹ̀ kò tíì ṣú.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni wọ́n máa ń wí. "Nígbà tójú ẹ ò tíì fọ́, kí lo fẹ́ fi iná ṣe? Ṣé oòrùn lo fẹ́ ràn lọ́wọ́ ni?"

A óò rẹ́rìn-ín. Màmá mi ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Alágbàfọ̀ ni màmá mi. Àwọn àti Àǹtí, àbúrò wọn, ni wọ́n jọ ń fọṣọ tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, màmá mi á sì gbé e lọ fún àwọn oníbàárà lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, òjò winniwinni ń rọ̀ nírọ̀lẹ́, ojú ọjọ́ rí bí omi tí a fi fọ aṣọ dúdú. Màmá mi na ọwọ́ síta, wọ́n wò ó. Bàbá wà lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i kedere, Bàbá."

"Ó dáa. Rọra o."

Màmá mi lọ, wọn kò padà wálé. Awakọ̀ tó kọlù wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, ó di orí mú, ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá a níbẹ̀: "Mi ò rí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí wọn rárá."

Gbogbo wa la gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá náà gbọ́. Kò sẹ́ni tó tún un sọ nínú ilé.

Mi ò sunkún. Àwọn ènìyàn wá, wọ́n ní ẹ kú ara fẹ́ra kù, wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n lọ. Èmi ń lọ aṣọ. Bí o bá ń lọ aṣọ, ibi àyọ́ọ̀nù ni ojú rẹ máa wà, kò sẹ́ni tí yóò ní kí o gbé orí sókè. Bàbá fọwọ́ ara wọn na kẹ̀kẹ́ tó ká, pẹ̀lú ọwọ́ gígan yẹn, wọ́n sì gbé e fún mi. Bó ṣe di pé èmi ni mò ń gbé aṣọ kiri nìyẹn.

Mo wá dọ́gbọ́n sí i. Màá sáré lọ aṣọ kí n lè jáde nígbà tí oòrùn ń ràn yòò. Bí kò bá ṣeé ṣe, màá máa wá iṣẹ́ kún iṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú biribiri. Àárín méjèèjì ni mò ń sá fún, ìgbà tí ìlà ọwọ́ ṣì ń hàn ṣùgbọ́n tí ènìyàn ti ń di òjìji lójú títì. Mo mọ̀ pé mi ò lè jáde nírú àkókò bẹ́ẹ̀ láìtan iná. Bí mo bá sì tàn án lójú Bàbá, ohun tí mo sọ fún wọn ni pé àwọn ni wọ́n pa ọmọ wọn. Ẹnu mi kò ní í sọ ọ́. Iná á bá mi sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ojú Àǹtí kì í fo nǹkan.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni wọ́n wí lọ́jọ́ kan, "lánàá, o ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. Lónìí, o ń lọ ẹ̀wù kan ṣoṣo bí ẹni ń fọwọ́ ra ọmọ tuntun lára. Èwo ni tìẹ gan-an?"

"Ó rẹ̀ mí ni, Àǹtí."

"Ó rẹ̀ ọ́? Àyọ́ọ̀nù tó ń gbóná látàárọ̀ ò sọ pé ó rẹ òun."

Ó wá di ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ láti òwúrọ̀, tí aṣọ kọ̀ tí kò gbẹ. Ilé ìgbẹ̀bí tí à ń fọṣọ fún ránṣẹ́ wá pé aṣọ ibùsùn ti tán lọ́wọ́ àwọn, pé aboyún kan ti wà lórí fóòmù lásán. Àǹtí fi àyọ́ọ̀nù lọ èyí tó kù gbẹ, wọ́n ká a, wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo wo ìta. Ojú ọjọ́ rí bíi tọjọ́ yẹn gan-an.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kílẹ̀ ṣú díẹ̀ sí i."

"Kílẹ̀ ṣú kẹ̀? Ṣé ọmọ tó fẹ́ wáyé á dúró de ilẹ̀ ni? Jọ̀ọ́, máa lọ, kí wọ́n má bàa fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ agbẹ̀bí gba ọmọ ọlọ́mọ."

Bàbá wà lórí àga. Mo gbé kẹ̀kẹ́ dúró, mo na ọwọ́ síta nítorí pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Gbogbo ìlà ọwọ́ mi pé síbẹ̀.

"Ṣé o rí i?" Ohùn wọn wálẹ̀.

"Mo rí i, Bàbá."

"Ó dáa."

Wọn ò ní kí n rọra. Mo gun kẹ̀kẹ́ láìtan iná. Nígbà tí mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ní ìpẹ̀kun àdúgbò, níbi tí mo rò pé ojú Bàbá kò lè ká mi mọ́, mo sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ dáínámò mọ́ táyà. Kẹ̀kẹ́ wúwo. Mo gbé aṣọ dé ilé ìgbẹ̀bí, wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀, tí mo dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà, ìlà ọwọ́ mi ṣì ń hàn, ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n pa iná. Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ṣáà ń wa kẹ̀kẹ́ lọ.

Bàbá ti dìde dúró kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúró, táyà dúró, iná sì kú.

"Láti ibo lo ti tan iná?"

"Láti ọ̀dọ̀ wẹ́dà, Bàbá."

Mo ń retí èébú. Wọ́n ń wo ojú títì.

"Láti ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni mo ti ń rí ọ bọ̀," ni wọ́n wí. Wọ́n tún ní, "Padà síbẹ̀. Gbé dáínámò kúrò lára táyà, kí o wá máa bọ̀."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká wọlé."

"Mo ní kí o padà." Ohùn tí wọ́n fi ń bá kẹ̀kẹ́ tó kọ̀ láti jẹ́wọ́ àrùn rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo padà. Mo gbé dáínámò kúrò, mo ń wa kẹ̀kẹ́ bọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ń rí Bàbá ní gbogbo ọ̀nà: síńgílẹ́ẹ̀tì funfun wọn, ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, òjìji Àǹtí lójú fèrèsé. Wọ́n fi ọwọ́ bo ojú, wọ́n na ọrùn. Mo ti dé orí pákó tí a tẹ́ sórí gọ́tà iwájú ilé wa, wọ́n ṣì ń wo ọ̀nà jíjìn lókè orí mi.

"Ó yá o!" ni wọ́n kígbe. "Máa bọ̀!"

"Bàbá, mo ti dé."

Wọ́n fọwọ́ wá àga lẹ́yìn, wọ́n jókòó.

"Ìwọ ń rí mi?"

"Mo ń rí yín látọ̀hún, Bàbá."

"Màmá rẹ náà rí i," ni wọ́n wí. "Ó rí mọ́tò yẹn. Ó rò pé mọ́tò náà rí òun." Òjò ń kán láti orí òrùlé. "Èmi ni mo ní kó má tàn án."

Mo mọ ohun tó yẹ kí ọmọ sọ. Rárá o, Bàbá, ẹ má wí bẹ́ẹ̀, bó ṣe máa rí nìyẹn. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló sọ ọ́. Mo wá a lẹ́nu mi, kò sí níbẹ̀. Mo wá ìbínú náà, òun náà ò sí níbẹ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni mo wí.

Wọ́n mi orí.

"Ta ló ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fẹ́fọn?" Àǹtí ń pariwo láti inú ilé. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé wa lọ ni?"

Mo fi èjìká sábẹ́ apá Bàbá, mo gbé wọn dìde. Wọ́n fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. A wọlé, mo ti ilẹ̀kùn.