Fidáù Ilé Bàbá Abdulkadir

Ọdún keje rèé tí Ọnọ́rébù Sulaiman ti ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, a ò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ níbẹ̀ rí. Ẹ má bínú sí i, iṣẹ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Fidáù niṣẹ́ rẹ̀. Kò sí òkú tí a ń ṣàdúà fún ládùúgbò wa tí kì í débẹ̀, tòun ti kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ, orúkọ òkú nìkan ló ń pààrọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sọ fún un pé fidáù wà nílé Bàbá Abdulkadir. Bàbá àgbà mi nìyẹn, ibi tí wọ́n bá sì tẹ̀ sí ni gbogbo wọ́ọ̀dù wa ń tẹ̀ sí. Ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, láìsí wa, Ọnọ́rébù ò lè padà sílé ìgbìmọ̀. Ilé la pe orúkọ rẹ̀ o, a ò pe òkú. Ṣùgbọ́n ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé onílé ló kú. Kó béèrè? Béèrè kẹ̀! Ṣé ẹni ńlá ń béèrè ni?

Láti ọjà Ìpàtá la ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ rẹ̀. Ó wọlé, ó kẹ̀yìn sí àwọn àgbà tó jókòó lórí ẹní, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó sì gba máíìkì lọ́wọ́ àáfáà tó ń wáàsí.

“Ínnà lílláhì! Òpó ńlá wó! Nígbà tí mo wá kí Bàbá Abdulkadir kẹ́yìn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, ‘Sulaiman, ìwọ ni kí àwọn èèyàn mi dìbò fún.’ Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àgbà ni o! Opó wọn dà? Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wá fún un.”

Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Ìyá àgbà mi Sakinah la sin, àwọn tó máa ń gbé kókó gbígbóná àti màásà fún ọkùnrin yìí nígbà tó ń wá tọrọ ìbò láàárọ̀ kùtù. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n kú.

Bàbá Abdulkadir ki tẹ̀súbáà bọ àpò, wọ́n rọra dìde lẹ́yìn rẹ̀. Ọnọ́rébù bojú wẹ̀yìn. Máíìkì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àmín,” ni Bàbá wí. “Jókòó. Sakinah ìyàwó mi ni kí o ṣàdúà fún. Ní ti ìbò, o ò ní bínú, o ti sin mí.”