Ọ̀dà Pupa Ara Gìtá Mi

Gìtá oníná mi ń kùn bí agbo oyin, mo sì ti bínú sí gbogbo ohun tó wà nílé. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo tú sípíkà palẹ̀. Mo ní fíríìjì ìyàwó mi ló fà á, mo yọ ọ́ kúrò lára iná. Ẹja inú rẹ̀ jẹrà, gìtá ṣì ń kùn.

Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí. "Bàbá wọn, tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ kan okùn rẹ̀, ó máa ń dákẹ́. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Èmi tí mo máa ń fi etí yangàn, mi ò gbọ́.

Mo bá tú gìtá. Wáyà tín-ín-rín kan wà lábẹ́ irin tí wọ́n so okùn mọ́. Ó yẹ kó kan irin náà, kó lè máa gbé ariwo iná lọ sílẹ̀, àmọ́ ọ̀dà pupa ti dí wọn láàárín. Ta ló kun ọ̀dà? Èmi náà ni, kí n lè jọ gbajúmọ̀. Oge ni mo ń ṣe, oge wá ṣe mí.

Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà kúrò. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gìtá lẹ́nu.

Inú mi dùn, mo bá fi gìtá náà ta orin tí mo fi fa ojú ìyàwó mi mọ́ra nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ariwo kankan tó bo ìka mi láṣìírí.

Ó fetí sílẹ̀ títí dé òpin, ó sì rọra sọ pé:

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀dà yẹn ṣẹ́ kù díẹ̀?"