Alága Di Ìkòkò
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín. N kò pẹ́ nílé ìwé. Mo lálàá pé mò ń ṣa ìkòkò: róbótó lọ́tùn-ún, wíwọ́ lósì. Láti ìgbà tí títì ti dé abúlé wa, Alága ẹgbẹ́ amọ̀kòkò ń pe tèmi ní wíwọ́, kó lè rà á ní pọ́ọ́kú, kó tà á lówó gọbọi fáwọn ará ìlú ńlá. Ìkòkò kan dé, ó hu irùngbọ̀n. Alága ni! Ó ní, "Àbúrò, ṣebí róbótó ni mí?" Mo fi ṣùkù àgbàdo tí a fi ń ha ara ìkòkò ha ikùn rẹ̀ títí ó fi ké. Mo ní, "Ẹ wọ́, sà." Mo gbé e sókè láti jù ú sósì, mo bá jí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo ru ìkòkò mi gba ẹ̀yìnkùlé, kí Alága má baà rí mi, lọ sétí títì, mo dúró de oníbàárà fúnra mi.