Ẹsẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Dúró

"Ẹ tún un yí lẹ́ẹ̀kan sí i, sà."

Akíntóyè bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ yí pẹ́dàlì kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀. Pẹ́dàlì yí, ṣéènì yí, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kò mira. Nǹkan bíi wákàtí méjì ló fi ti kẹ̀kẹ́ náà bọ̀ láti ẹ̀yìn ìlú Bọ́lọ́rundúró, nínú eruku ojú ọ̀nà tí wọ́n ń ṣe, kó tó dé ṣọ́ọ̀bù Bísọ́dún jórinjórin ní Yába, nílùú Oǹdó.

"Fíríwììlì yín ló kú," ni Bísọ́dún wí, ó tọ́ka sí irin eléyín tí ṣéènì wé mọ́ ní táyà ẹ̀yìn. "Ẹ̀yin ń pàṣẹ, òun ò gbọ́."

"Ṣé kò kú pátápátá?"

"Ẹ jẹ́ kí n tú u ná."

Akíntóyè jókòó sórí àpótí. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló gbéra nílé rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Abẹ́òkúta ló ń lọ, ọjọ́ mẹ́rin ló sì dá fún ara rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní orí rẹ̀ ti dàrú. Òun ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà rẹ̀ ní tirẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ó mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń lọ sí ọsibítù fún ìtọ́jú, títí bẹntiróòlù fi di ọ̀wọ́n gógó, tí owó márúwá kò ṣe é gbọ́ sétí mọ́. Ọjọ́ náà ló wọ inú yàrá ẹrù, ó gbé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ rẹ̀ jáde, ó nu jàǹkárìwọ̀ ara rẹ̀ kúrò. Kẹ̀kẹ́ yìí ló wá ṣe ohun tí oògùn kò ṣe. Ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n nínú ilé, aláìsàn ni wọ́n ṣì ń pè é. Bó bá wọ balùwẹ̀, Agnes ìyàwó rẹ̀ á dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí Ìbídùnní ọmọ wọn bá tẹ̀ wọ́n láago, tó sì jẹ́ òun Akíntóyè ló gbé e, ọmọ náà á ní, "Dádì, ẹ fún Màmá ní fóònù, mo fẹ́ béèrè bóyá ẹ ti jẹun." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí i nínú débi pé oúnjẹ á korò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó ní òun máa gun kẹ̀kẹ́ dé Abẹ́òkúta kí wọ́n lè rí i pé ara òun ti yá, Ìbídùnní yìí náà ló dá àdéhùn sílẹ̀. "Dádì, ẹ máa lọ o. Ṣùgbọ́n bó bá di pé mọ́tò ló gbé yín padà wálé, kẹ̀kẹ́ yẹn dópin nìyẹn. A ó gbé e fún ẹni tó bá fẹ́." Akíntóyè sì gbà níṣojú gbogbo wọn.

Bísọ́dún fi òòlù àti irin ṣóńṣó kan tú fíríwììlì náà. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó fajú ro.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Kí lẹ dà sínú ẹ̀? Ó ń rùn bí ìpàdé àdúrà."

"Gíríìsì ni. Èmi fúnra mi ni mo fi sí i lọ́jọ́ Sátidé."

"Gíríìsì kọ́ lèyí. Òróró ólífì ni." Ó na ìka rẹ̀, nǹkan dúdú kan lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́típẹ́tí. "Ó ti fọ gíríìsì yín dànù, ó wá kó gbogbo iyanrìn ọ̀nà jọ. Iyanrìn yẹn ló jẹ eyín inú ẹ̀. Ọ̀kan ti kán. Ìkejì kò lè dìde mọ́."

"Wá fi òmíràn sí i."

"Ọ̀kadà là ń tún ṣe níbí, sà. Ní gbogbo Oǹdó yìí, mi ò mọ ẹni tó ń ta fíríwììlì tó máa wọ èyí."

Kí Akíntóyè tó rí ọ̀rọ̀ sọ, mọ́tò kan yà wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ wọn ti rí i láti inú bọ́ọ̀sì níbi tó ti ń ti kẹ̀kẹ́, ó sì ti pe Agnes. Agnes ló sọ̀ kalẹ̀ yìí, pẹ̀lú Gbémiga, ọkọ Ìbídùnní. Gbémiga dọ̀bálẹ̀, ó kí i, kò sì tíì nàró tán tó fi ṣí bọ́ọ̀tù mọ́tò.

"Tì í padà," ni Akíntóyè wí.

"Bàbá..."

"Mo ní tì í."

Agnes ò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Fíríwììlì tó wà lọ́wọ́ Bísọ́dún ló ń wò.

"Ṣé òun ló bàjẹ́?"

"Òun ni, Màmá. Ẹnì kan ló da òróró sínú ẹ̀."

Agnes fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá Ìbídùnní, èmi ni."

"Ìwọ kẹ̀?"

"Òróró tí a gbàdúrà sí ní ìpàdé àwọn obìnrin. Mo kọ́kọ́ fi kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mo wá ní kí ó dé inú oríkèé rẹ̀ gbogbo. Mo da ìdajì ìgò sí i."

Inú bí Akíntóyè. Ó dìde lórí àpótí tó jókòó sí.

"O ò sọ fún mi, Agnes."

"Ẹ̀rù ló bà mí. Lọ́jọ́ tí àìsàn yẹn mú yín ṣubú, èmi nìkan ni mo wà ní ulé pẹ̀lú yín. Mi ò lè sáré tẹ̀lé yín dé Abẹ́òkúta. Mo wá ní kí òróró yẹn bá yín lọ." Ó bú sẹ́kún níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Akíntóyè wo fíríwììlì náà, ó wo ìyàwó rẹ̀. Obìnrin yìí kò fẹ́ kó ṣubú, òun náà ló sì dá a dúró. Abẹ́òkúta ti lọ nìyẹn. Ó dùn ún wọra.

Bísọ́dún wúkọ́. "Ohun kan wà tí bàbá mi máa ń ṣe. Mo lè jó o pọ̀, kí fíríwììlì àti táyà di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ò ní sinmi mọ́. Bí táyà bá ṣáà ti ń yí, pẹ́dàlì ń yí. Ẹ ń gòkè, ẹ ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró."

"Ṣé ó lè gbé mi dé Abẹ́òkúta?"

"Rárá o, sà. Ó lè já. Àmọ́ tí ẹ bá rọra ṣe é, á gbé yín dé Àkúrẹ́."

"Bàbá, ẹsẹ̀ òsì yín ńkọ́?" ni Gbémiga bi í.

"Èmi àti ẹsẹ̀ náà la jọ ń lọ, mọ́tò kọ́ ló máa gbé wa délé. Bísọ́dún, jó o."

Iná ta pàràpàrà, irin sì mú irin. Nígbà tí Akíntóyè kọ́kọ́ gùn ún, ó gbàgbé, ó dá ẹsẹ̀ dúró, pẹ́dàlì sì gbá a lójúgun. Ó ṣépè díẹ̀, ó bẹ Ọlọ́run, ó tún un gùn. Ó yí iwájú ṣọ́ọ̀bù ká lẹ́ẹ̀mẹta. Kẹ̀kẹ́ ń fa ẹsẹ̀ òsì náà lọ, ẹsẹ̀ náà sì ń tẹ̀ lé e. Ó juwọ́ sí Bísọ́dún, ó kọrí sọ́nà Àkúrẹ́.

Gbémiga wa mọ́tò tẹ̀ lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, iná ẹ̀yìn ń ṣẹ́jú. Agnes jókòó sí iwájú, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Bí òkè bá dé, á ní, "Jésù." Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ á máa yí kíákíá bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Agnes ń wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Ẹ̀wù rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Akíntóyè kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti mọ̀ bóyá wọ́n wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn òkè kan tó ga ju ti ìṣáájú lọ, kí wọ́n tó dé Ọ̀wẹnà, Agnes nu ojú rẹ̀.

"Gbémiga, kọjá wọn."

"Kí n kọjá wọn kẹ̀, Màmá? Bí wọ́n bá ṣubú ńkọ́?"

"Wọn á dìde. Kọjá wọn, má fọn fèrè o. Jẹ́ kí n tètè dé ulé, kí n gbé iṣu kaná. Ebi á ti pa wọ́n tí wọ́n bá fi máa dé."