Ológbò Iwájú Ṣọ́ọ̀bù

"Akínbámi, níbo gan-an lo ń lọ láràárọ̀?"

Màámi ló béèrè. Akínbámi, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, so táì rẹ̀, ó sì jáde sínú snow.

Ọdún 2016 ni. Èmi àti Roseline, ẹ̀gbọ́n mi, mọ̀ pé ilé iṣẹ́ epo ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Màámi, tó wá kí wa láti Ìbàdàn, ò mọ̀. Ó ti búra pé lọ́jọ́ tóun bá gbọ́ pé àna òun ò níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, òun á kó Roseline àti ọmọ rẹ̀ padà sílé.

Ibi tó ń lọ yìí ò jẹ́ kí n sinmi. Ó ń jáde tòun ti kóòtù, ó sì ń padà pẹ̀lú òógùn lọ́rùn, nígbà tí ìta tutù ju inú firísà lọ. Mi ò rí i so pọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a mú Màámi lọ sí Sunridge, ilé ìtajà ńlá kan ládùúgbò wa. Níwájú ṣọ́ọ̀bù tó ń ta fídíò àtijọ́, ẹnì kan wọ aṣọ ológbò, orí ńlá bò ó mọ́lẹ̀.

"Yéè! Ológbò wa rèé!" Màámi pariwo. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ní, ojú fèrèsé aládùúgbò lòun àtàwọn ẹgbẹ́ òun ti ń wo eré ológbò àti eku, dúdú àti funfun. Eku á máa fi fráìpáànù fọ́ ológbò lórí, àwọn á máa rẹ́rìn-ín.

Fráìpáànù onífóòmù wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi lu ológbò náà lẹ́ẹ̀mẹta á gba bàlúùn. Ṣeunfúnmi, ọmọ Roseline, lù ú.

"Harder, Uncle!" ó ní, ó na fráìpáànù náà sí mi kí n lù ú kíkankíkan.

Mo gbà á, mo là á mọ́ ọn lórí títí ó fi kọsẹ̀, tó kúnlẹ̀.

"Oga, stand up jor! No be work you dey do?" mo ní.

Màámi náà lù ú. "Ọ̀lẹ! Àgbà òṣì! Ìyàwó tó fẹ́ ẹ gbé!" Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó wá fọwọ́ lé ìbàdí. "Wọn ò kọ́ ẹ nílé ni? O ò kí mi?"

Ológbò náà ò tiẹ̀ rò ó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀.

Ẹ̀rín dá lẹ́nu Màámi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí méjèèjì mú, ó fa orí náà yọ.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ò dìde.