Fèrèsé Kẹrìnlá

Abẹ́rẹ́ náà ti pọ́n bí ẹyín iná kí Mọ́nsúrù tó gbé e kúrò lórí àbẹ́là. Ó dá èémí dúró, ó sì tì í wọ inú ike funfun náà. Èéfín tín-ín-rín rú jáde, òórùn burúkú gba inú yàrá, ihò tí kò tó ìdajì hóró ìrẹsì sì là sára ọkọ̀ òfurufú ìṣeré tó ń tò. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Èyí tó kù nìyẹn. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń lu fèrèsé, ìhà ọ̀tún, ìhà òsì, nítorí pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò lu ẹyọ kan. Wọ́n kàn ya fèrèsé sórí bébà pé kí ẹni tó bá rà á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára.

"Ọ̀lẹ ni wọ́n," ni Mọ́nsúrù sọ lọ́jọ́ tó rí bébà náà, ó sì sọ ọ́ nù.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni Mọ́nsúrù ń tún ṣe ní ọjà Kantamanto ní Accra, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí rẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti rí páálí ọkọ̀ yìí ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ tú bẹ́ẹ̀lì ohun ìṣeré òkìrìkà. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i rí. Àwòrán ara páálí ló mú kó rà á: ọkọ̀ òfurufú ńlá, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta, méjì lábẹ́ apá, ọ̀kan lókè ní ìdí ìrù. Irú ọkọ̀ yẹn ló gbé Fáòsíà ìyàwó rẹ̀ lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 1998. Ọkọ̀ náà padà wá sí Accra. Fáòsíà kò bá a padà.

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni kí èèyàn to ọkọ̀ oníke, kó wá gbìyànjú ẹ̀ wò. Ní wẹ́wẹ́ ni wọ́n kó ọkọ̀ náà sínú páálí, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sì sí ẹyọ méjì tó bá ara wọn mu. Ooru ti ká ara rẹ̀ lápá kan bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mọ́nsúrù rì í sínú omi gbígbóná, ó dè é mọ́ pákó fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó nà. Níbi tí apá ti pàdé ara, àlàfo tí eèrà lè gbà kọjá wà níbẹ̀. Ó gé ajẹkù ike sínú omi tí àwọn obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, ó yọ́, ó ki bí ẹ̀kọ mímu, ó fi dí àlàfo náà, ó sì fi sáńpépà ha á títí ìka kò fi mọ ojú oríkèé mọ́. Ẹnu ẹ́ńjìnnì nípọn jù, ó fi abẹ fá a láti inú. Fèrèsé kò ní gíláàsì, ó gé ike tó ń dán tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn ará ọjà, tó ń pe gbogbo Yorùbá ní Alata, ń fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Alata, ọjọ́ wo ló máa gbéra?" Ó ń ha ike rẹ̀ lọ. Ibi tí àwọn tó ṣe é bá ti ṣì í ṣe, òun á tún un ṣe, ó tán.

Lónìí ló fẹ́ pa ara ọkọ̀ náà dé. Ìdajì ọ̀tún àti ìdajì òsì ló dùbúlẹ̀ lórí tábìlì nínú yàrá rẹ̀ ní Kotobabi, pẹ̀lú àwọn ìjókòó tó fi páálí ìṣáná gé, ìlà lórí ìlà. Tí gọ́ọ̀mù bá ti mú wọn pọ̀, kò sẹ́ni tó lè ṣí i mọ́ láìfọ́ ọ. Èèyàn kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀ náà. Igi ìtayín ni Mọ́nsúrù fi gbẹ́ ẹ, kò ga ju èékánná ọmọńdinrín lọ. Ó kùn ún ní àwọ̀ ewé, ó kun orí rẹ̀ ní funfun, ó sì gbé e jókòó sídìí fèrèsé kẹrìnlá láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ní ìhà òsì.

Ká má purọ́, Mọ́nsúrù kì í ṣe ọkọ tí í dúró. Lọ́jọ́ tí Fáòsíà fẹ́ bí Rasheedah, ẹnu géètì ọsibítù ló já a sí, torí oníbàárà kan ń retí ẹ̀rọ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Fáòsíà ń lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, dírẹ́bà kò tíì ṣáná sí mọ́tò tí Mọ́nsúrù ti kẹ̀yìn sí i. Obìnrin náà kì í jà. Á kàn ní, "Ẹ kì í dúró," bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ kò tó nínú ọbẹ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú, nígbà tí wọ́n dé ibi tí asìnnilọ kò lè kọjá, ó ní, "Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín. Mo mọ̀ yín." Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà wọ Mọ́nsúrù lára.

"N ó dúró," ló fèsì. "Aṣọ pupa yìí ni n ó máa fì títí ọkọ̀ á fi gbéra. Ìdí fèrèsé ni wọ́n fi ọ́ sí, wàá rí mi."

Ó sì dúró. Wákàtí méjì ààbọ̀ ló lò lórí àpótí kan lẹ́bàá wáyà ọgbà, oòrùn ń pa á. Ó ti fi nọ́ńbà ìjókòó Fáòsíà bi òṣìṣẹ́ kan léèrè, ẹni yẹn sì sọ fún un pé fèrèsé kẹrìnlá ni. Ó kà á. Ó rí apá aṣọ aláwọ̀ ewé níbẹ̀, irú èyí tí gbogbo obìnrin ẹgbẹ́ wọn rán kí ẹnikẹ́ni má baà sọnù láàrin èrò Mẹ́kà, ó sì rí ọwọ́ tó ń fi nǹkan funfun juwọ́. Ó fì aṣọ pupa rẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n tẹlifóònù pé Fáòsíà ti kú, pé wọ́n ti sin ín sọ́hùn-ún. Kò sí sàréè tí Mọ́nsúrù lè lọ bẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ló kù fún un: òun dúró, Fáòsíà sì rí òun. Òun ló ti ń fi sùn láti ọdún mọ́kànlá.

Àwọ̀ ìjókòó nìkan ló ń dà á láàmú. Ó ti bi àwọn tó bá ọkọ̀ náà lọ. Ọ̀kan ní búlúù ni, èkejì ní pupa, ẹ̀kẹta ní òun kò wo ìjókòó, Ọlọ́run lòun ń pè. Mọ́nsúrù fi ọkàn ara rẹ̀ yan àwọ̀ ọsàn, ó kùn ún, ṣùgbọ́n ọkàn náà kò balẹ̀. Rasheedah ọmọ rẹ̀, tó ń ta ọṣẹ lọ́jà Kotobabi, ló bá a wá Àlàájà Adédùntán rí, aláṣọ kan ní Dansoman tóun náà wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Rasheedah mú un wọlé.

"Baba, àlejò yín rèé. Wáàkyé yín ṣì wà nínú ewé o. Mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹun." Ó bu omi fún obìnrin náà, ó sì sáré padà sí ìsọ̀ rẹ̀.

Àlàájà Adédùntán sanra, orúnkún ń dùn ún, ó rọra jókòó. Kò tíì mu omi náà tán tí Mọ́nsúrù ti gbé ìdajì ọkọ̀ síwájú rẹ̀, pẹ̀lú dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

"Àlàájà, ẹ dákun, ẹ wo ìjókòó wọ̀nyí. Ṣé àwọ̀ wọn nìyí?"

Obìnrin náà wò ó pẹ́. "Àwọ̀ ọsàn ni lóòótọ́. Òwú kan yọ létí tèmi, mò ń fi ìka fà á títí a fi dé Jẹ́dà."

Inú Mọ́nsúrù dùn débi pé ó rẹ́rìn-ín sókè, ohun tí kì í ṣe. Kíá ló ti fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tọ́ gọ́ọ̀mù yí etí ọkọ̀ náà ká. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní kó tó gbẹ.

"Ta lẹ fi síbí yìí?" ni Àlàájà Adédùntán béèrè.

"Ìyá Rasheedah ni. Ìdí fèrèsé tiẹ̀ nìyẹn. Mo dúró síta, mò ń fì aṣọ pupa, òun náà ń juwọ́ sí mi." Ó sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn, ojú rẹ̀ kò kúrò lára búrọ́ọ̀ṣì.

Àlàájà Adédùntán fi ìka ka fèrèsé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó kan ìkẹrìnlá, ó yọ ọwọ́ bí ẹni tí iná jó.

"Ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́."

"Gọ́ọ̀mù á gbẹ, Àlàájà."

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bàbá Rasheedah, èmi ni mo jókòó síbẹ̀."

Mọ́nsúrù rò pé ó ṣì í kà ni. Ó ní kó tún un kà. Obìnrin náà kò tún un kà.

"Ìyàwó yín ló ni ibẹ̀," ló sọ. "Àárín ni wọ́n fi èmi sí. Kò sẹ́nì kankan tó sìn mí láti ilé, mo sì ń sunkún. Ló bá ní kí n bọ́ sídìí fèrèsé, kí n máa wo ìta, pé ó lè mú ọkàn mi fúyẹ́. Mo wòta. Mo rí ọkùnrin kan lórí àpótí tó ń fì aṣọ pupa. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n ó dà bíi pé èmi ló ń wò, mo bá fi ìborùn mi juwọ́ sí i. Ó wù mí kí ẹnì kan ti wá nítorí tèmi."

Ó nu ojú rẹ̀ kó tó máa bá a lọ.

"Ìyàwó yín na ọrùn, kò rí nǹkan kan, torí mo ti fi ara dí fèrèsé. Ó ní, 'Ẹ bá mi wò ó, ṣé ẹ rí ẹnì kan tó ń fì aṣọ pupa? Ọkọ mi ni.' Ojú tì mí. Mo ti juwọ́ tán. Mo ní rárá. Mo ní kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀."

Lórí tábìlì, gọ́ọ̀mù ti ń pàdánù dídán rẹ̀. Mọ́nsúrù ń wò ó, kò fọwọ́ kàn án.

"Mo ní tí a bá dé Mẹ́díínà, n ó sọ fún un. A dé Mẹ́díínà, mo ní ó di Mẹ́kà. Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tiẹ̀ tó ogún. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo pa á fún kò sí ńlẹ̀ mọ́."

"Kí ló sọ?" ni Mọ́nsúrù béèrè. "Nígbà tí ẹ ní kò sí ẹnikẹ́ni, kí ló sọ?"

"Kò bínú. Ó ní, 'Ó dáa bẹ́ẹ̀. Oòrùn yìí ti mú jù. Kó lọ jẹun.'"

Ó dun Mọ́nsúrù. Ó dùn ún ju ọjọ́ tí tẹlifóònù dún lọ, torí lọ́jọ́ yẹn ó ṣì ní nǹkan kan lọ́wọ́. Nínú gbogbo ìgbà tó já Fáòsíà sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan yìí ni kò já a sílẹ̀, ìyẹn náà sì ni Fáòsíà dárí rẹ̀ jì í, tó sì gbé wọ inú ilẹ̀ lọ bí ẹ̀ṣẹ̀. Ó fẹ́ bínú sí obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀. Ó wá ìbínú náà, kò rí i. Ó mú ẹ̀mú kékeré, ó fa ère igi ìtayín náà tu kúrò lórí ìjókòó. Ọ̀dà díẹ̀ ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ó gbé e sí ìjókòó àárín, ó sì fi ojú kan yọjú láti ìta, láti ojú fèrèsé. Kò rí i. Ó yí ọkọ̀ náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Níbi tí Fáòsíà jókòó sí, kò sí bí ẹni tó wà níta ṣe lè rí i.

Àlàájà Adédùntán ti mú báàgì rẹ̀. "Ẹ foríjì mí, Bàbá Rasheedah. Mo mọ̀ pé kò ṣeé foríjì."

Nǹkan mìíràn ni Mọ́nsúrù ń rò. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń wá àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà kiri. Ó bi wọ́n nípa àwọ̀ ìjókòó, ó bi wọ́n nípa kọ́tìnnì, ó bi wọ́n bóyá iná orí àjà yípo ni àbí ó gùn. Láti ọdún mọ́kànlá, kò bi ẹnì kan ṣoṣo bí Fáòsíà ṣe kú. Kò mọ̀ bóyá òwúrọ̀ ni, kò mọ ẹni tó pa ojú rẹ̀ dé. Ìdí fèrèsé yẹn ló ti fi í sílẹ̀, tó sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ.

Ó ti ọkọ̀ náà sápá kan.

"Àlàájà, ẹ má tíì lọ. Ṣé ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó kú?"

"Mo wà níbẹ̀. Yàrá kan náà la wà."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi."

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀. "Ó gùn o. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣàìsàn."

"Ẹ sọ gbogbo ẹ̀."

Àlàájà Adédùntán gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún jókòó. Mọ́nsúrù fa àpótí sún mọ́ ọn, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Òùngbẹ ló kọ́kọ́ ń gbẹ ẹ́," ló bẹ̀rẹ̀.